Àwòrán Alùpùpù Bàbá Rewi

Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ bí ẹni pé ó fẹ́ ká òrùlé ìlú Invercargill lọ, nígbà tí Ailsa Geddes rí ọkùnrin kan tó ń ti alùpùpù pupa àtijọ́ bọ̀ ní òpópónà. Ẹrẹ̀ bò ó dé eyín, síbẹ̀ ó ń dá rẹ́rìn-ín. Ailsa sáré jáde nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tòun ti búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró! Ẹ má nu ẹrẹ̀ yẹn o!"

"Ti ara mi ni, àbí ti alùpùpù?"

"Ti alùpùpù ni. Tiyín, ẹ tètè wẹ̀ ẹ́."

Bó ṣe pàdé Rewi Tipene nìyẹn, apẹja ará ìlú Bluff létí òkun. Iṣẹ́ Ailsa ni kó máa ya àwòrán alùpùpù fún ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wá. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń jẹun nídìí ẹ̀, ó sì mọ bí irin ṣe ń dán nínú òjò ju ẹnikẹ́ni lọ. Rewi ní kó ya eléyìí. Bàbá òun tó ti kú ló ni ín. Gbogbo Sátidé ló ń wá wo iṣẹ́, títí ìfẹ́ fi wọ àárín wọn.

"Táyà kan ṣoṣo lo yà, láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?" Rewi bi í.

"Ojú rẹ ni kì í jẹ́ kí n rí táyà, olólùfẹ́."

Nígbà tí Rewi mú un lọ sílé, Merania ìyá rẹ̀ béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Bó ti gbọ́ pé alùpùpù ọkọ òun ni Ailsa ń yà, ó gbé ife tíì sílẹ̀.

"Alùpùpù yẹn ló pa ọkọ mi. Ìwọ wá ń yà á kó lè rẹwà? Mi ò fẹ́ ọ nínú ilé mi."

Lójú ọ̀nà, Rewi ní, "Ayọ̀ mi, sọ fún wọn pé òkun lo máa máa yà."

"Mi ò ní fi irọ́ wọlé ìyá rẹ. Iṣẹ́ mi nìyí, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Màá padà lọ bá wọn, èmi nìkan."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ailsa kànkùn, Merania ṣílẹ̀kùn díẹ̀, kò sọ pé kó wọlé.

"Màmá, ọjọ́ tí Bàbá kú ni gbogbo èèyàn mọ̀. Ẹ sọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn tí ẹ rántí fún mi."

Merania fara ti ilẹ̀kùn. "Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá kí mi, ó so ẹja sẹ́yìn alùpùpù. Omi ẹja ń kán láti èbúté dé ẹnu géètì wa. Gbogbo ológbò àdúgbò ló tẹ̀ lé e!" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ẹkún. Ó wá ṣílẹ̀kùn gbayawu.

Ailsa tún àwòrán náà yà láti ìbẹ̀rẹ̀: alùpùpù lẹ́nu géètì, ẹja lẹ́yìn rẹ̀, ológbò márùn-ún nílẹ̀. Nígbà tí òun àti Rewi gbé e dé ilé, Merania wò ó fínnífínní.

"Ológbò yìí ò sanra tó báyìí."

Ailsa yọ búrọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, ó mú kó tín-ín-rín.

Merania ní, "Ẹ gbé e kọ́ sí ọ̀kánkán tábìlì, kí n máa rí i tí mo bá ń jẹun."

Rewi kan ìṣó mọ́ ògiri tán, ó yíjú padà. "Màámi, mo fẹ́ fẹ́ ẹ."

"Ṣé èmi lo fẹ́ fẹ́ ni? Sọ fún un!" Merania gba ìdí ààrò lọ.

Rewi kọjú sí Ailsa. Hámà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ailsa, ṣé... ṣé o..."

"Kọ́kọ́ gbé hámà sílẹ̀ ná."

Ó gbé e sílẹ̀. Ailsa di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Mo gbà."

"Mi ò tíì béèrè!"

"Mo ti dáhùn."

Ohùn Merania dún láti ìdí ààrò: "Ẹ wá jẹun kó tó tutù, ìyàwó mi. Kó o mú ọkọ rẹ dání."