Iṣẹ́ Tí Wọn Kò Fẹ́ Kí Bàbá Ẹni Mọ̀

Ìbéèrè kan wà tí Suliat kì í fẹ́ gbọ́ nídìí ẹ̀rọ omi àdúgbò wọn ní Òmù-Àrán. Ìbéèrè náà kò gùn: "Suliat, iṣẹ́ ń kọ́?"

Àwọn tó ń bi í kò ní èrò burúkú sínú. Àwọn ló gbàdúrà fún un nígbà tó wọ yunifásítì, àwọn náà ló bá ìyá rẹ̀ yọ̀ nígbà tó parí ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì. Ṣùgbọ́n ó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán ní ìpínlẹ̀ Bẹ́núè, ó ti padà sílé, òjò ti rọ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, òjò tún ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì sí èsì.

"Ó wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run," ni Suliat máa ń sọ, á sì gbé korobá rẹ̀ rù.

Kì í ṣe pé ó jókòó lásán. Ó ń bá Fulera ìyá rẹ̀ yan gàrí tà. Bàbá rẹ̀, Àbúdùlàhí, àgbẹ̀ ni. Ẹ̀gẹ́ tí bàbá yìí gbìn ló rán ọmọ náà nílé ìwé. Bàbá kì í bi í léèrè iṣẹ́ rárá, bẹ́ẹ̀ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ló ń dun Suliat ju ìbéèrè àwọn ará àdúgbò lọ.

Nídìí agbada gàrí ló wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí fóònù rẹ̀ dún. Eunice ló ń pè é, ọmọ Èsìẹ́ tí wọ́n jọ gbé yàrá kan náà ní yunifásítì.

"Suliat, iṣẹ́ ti jáde ní kọ́ńpìnnì wa ní Ìlọrin," ni Eunice wí. "Àwọn tó jáde yunifásítì ni wọ́n ń wá. Mo ti fi orúkọ rẹ sílẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni kí o wá."

"Àlùhámúdù lílàhì. Eunice, o ṣeun. Kí ni kọ́ńpìnnì yín ń ṣe gan-an?"

Eunice yára fèsì. "Tí o bá dé, wọn á ṣàlàyé. Ojúlówó ìwé ẹ̀rí rẹ ni kí o kó wá o, wọn kì í gba ẹ̀dà. Mú aṣọ ìbora àti oúnjẹ díẹ̀ dání, torí a máa kọ́kọ́ kọ́ ọ níṣẹ́. Ohun tí mo kàn bẹ̀ ọ́ ni pé kí o dá wá, má sì sọ ibi tí ò ń lọ fún wọn nílé. O mọ ẹnu ayé."

Ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dún létí rẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń ka ìwé jáde. Suliat gbọ́ ọ, ó sì gbójú fò ó. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í bèèrè ibi tí omi ti sun.

Ó sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé wọ́n pe òun síṣẹ́ ní Ìlọrin, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ síbi tó wà, ó ń dúpẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di gàrí sápò fún un.

Bàbá ní, "Kí Ọlọ́run fi alábàápàdé rere ṣe tìrẹ. Ṣùgbọ́n kí o tó lọ, lọ dágbére fún Màmá Awóyẹmí. Ọmọ kì í lọ síbi iṣẹ́ kí ẹni tó kọ́ ọ níwèé máà gbọ́."

Màmá Caroline Awóyẹmí ló kọ́ Suliat ní kẹ́mísìrì nílé ẹ̀kọ́ girama. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Gbogbo Sátidé ló máa ń jókòó sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tí á máa ran àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé lọ́wọ́ láti wá iṣẹ́, ọmọ ìjọ àti ọmọ Mùsùlùmí. Suliat bá a ní iwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Mo wá dágbére ni. Mo ti ríṣẹ́."

Inú Màmá dùn. Ó sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. "Èyí dára. Iṣẹ́ kí ni?"

"Wọ́n ní tí mo bá dé, àwọn á ṣàlàyé."

"Kí ni orúkọ kọ́ńpìnnì náà?"

"Eunice kò dárúkọ rẹ̀, Mà."

"Níbo ló wà ní Ìlọrin?"

"Wọn á wá pàdé mi ní gáréèjì, wọ́n á mú mi lọ."

Màmá gbé àwo ẹ̀wà náà sílẹ̀. "Kí ni wọ́n ní kí o mú dání?"

Suliat sọ ọ́. Bó ṣe ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Nígbà tó dé orí pé kí òun má sọ fún ará ilé, òun fúnra rẹ̀ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lẹ́nu.

Màmá ní, "Ẹni tó fẹ́ fún ọmọ lóúnjẹ kì í ní kí ọmọ fi pamọ́ fún ìyá rẹ̀. Jókòó dáadáa, Suliat. Àwọn kan wà tó ń kó ọmọ àwa èèyàn jọ sínú ilé. Iṣẹ́ ni wọ́n á pè é. Bí o bá débẹ̀, kò sí iṣẹ́, kò sí owó oṣù. Wọ́n á gba owó lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á ní kí o lọ pe ẹlòmíràn wá, kí onítọ̀hún náà pe ẹlòmíràn. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n gbà ni okùn tí wọ́n fi ń so èèyàn mọ́lẹ̀. Mo ti rí irú wọn tó sá padà wá sílé níbí."

"Eunice kò lè ṣe irú ẹ̀ sí mi, Mà."

"Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ló kọ́kọ́ ṣe é sí Eunice."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Suliat lára. Inú bí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Mà, láti ìgbà tí mo ti ń wá iṣẹ́, èyí nìkan ló pè mí. Ṣé kí n má lọ ni?"

"Ì bá wù mí kí o má lọ. Ṣùgbọ́n o ti dàgbà, ọ̀rẹ́ rẹ sì wà níbẹ̀. Bí o bá máa lọ, lọ bí ẹni tó ní ilé. Fi ojúlówó ìwé rẹ sílẹ̀, ẹ̀dà ni kí o mú. Jẹ́ kí bàbá rẹ mọ gbogbo rẹ̀. Má sì dá lọ."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Suliat jókòó ti bàbá rẹ̀, tó sọ ohun tó fi pamọ́. Bàbá kò bá a wí. Ó kàn ránṣẹ́ pe Bùkárì, àbúrò Fulera, tó ń wa bọ́ọ̀sì láti Òmù-Àrán sí Ìlọrin. "Ní ọjọ́ Ajé," ni bàbá wí, "ìwọ lo máa gbé ọmọ yìí lọ. Kí o rí ẹnu ọ̀nà tó bá wọ̀."

Nígbà tí wọ́n dé gáréèjì ní Ìlọrin, Eunice ti ń dúró. Ó wọ kóòtù ọkùnrin kan tó tóbi jù ú lọ. Ọrùn rẹ̀ ti gbẹ. Bó ṣe rí Bùkárì, ó dojú bolẹ̀.

"Suliat, ṣebí mo ní kí o dá wá."

Bùkárì ló dá a lóhùn. "Ọmọ mi, wọlé sínú mọ́tò, kí o júwe ọ̀nà. Bàbá Suliat ló rán mi."

Ibi tí Eunice júwe kì í ṣe ọ́fíìsì. Ilé kan ni lẹ́yìn ìlú, tí wọn kò rẹ́, tí kò ní pátákó orúkọ kankan. Bàtà àti sálúbàtà kún ẹnu ọ̀nà bí ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀. Bùkárì pa mọ́tò. "Èmi wà níbí," ló wí. "Bí o bá pẹ́, mo máa fọn fèrè. Bí n kò bá rí ọ, mo máa wọlé."

Nínú ilé, àwọn ọ̀dọ́ jókòó pọ̀ lórí ẹní, yàrá náà kò gbà wọ́n. Ọkùnrin kan tó de táì kí Suliat pẹ̀lú ẹ̀rín, ó na ọwọ́ sí i. "Fóònù rẹ àti ìwé ẹ̀rí rẹ, a máa tọ́jú wọn."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, iṣẹ́ kí ni à ń ṣe níbí?"

"Ìbéèrè púpọ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn lówó," ni ọkùnrin náà wí. Àwọn tó wà lórí ẹní pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ́ ní ìgbà tí yóò pàtẹ́wọ́.

Suliat tún bèèrè. "Kí ni orúkọ ilé iṣẹ́ náà, sà? Ṣé ẹ ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba? Àbúrò màmá mi wà níta, yóò fẹ́ mọ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà. Ní àkókò yẹn ni Bùkárì fọn fèrè mọ́tò rẹ̀, ó sì fà á gùn. Ọkùnrin náà yọjú lójú fèrèsé, ó rí mọ́tò. "Ẹni tí kò bá ṣetán láti là, kó máa lọ," ló wí.

Suliat kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ìbínú sí Eunice kún inú rẹ̀, ì bá sì ti jáde láì bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ó bojú wẹ̀yìn. Ó rí Eunice tó fẹ̀yìn ti ògiri, tí kò bá àwọn yòókù pàtẹ́wọ́. Ó padà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Eunice, mọ́tò wà níta. Ilé ló ń lọ."

"Ìwé ẹ̀rí mi wà lọ́wọ́ wọn," ni Eunice sọ jẹ́jẹ́.

"Ẹni tó ni ìwé ṣe pàtàkì ju ìwé lọ. Jẹ́ ká lọ."

"Mo ti sọ fún màmá mi pé mo ti ríṣẹ́."

"Tó bá rí ojú rẹ, yóò dúpẹ́. Jẹ́ ká lọ."

Eunice kò dúró wá bàtà rẹ̀ láàárín bàtà tó kún ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ lásán ló fi tẹ̀ lé Suliat dé inú mọ́tò.

Lójú ọ̀nà ni Eunice ti tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Ó ní ẹni tí àwọn jọ ṣe àgùnbánirọ̀ ló pe òun bí òun ṣe pe Suliat. Ó ní oúnjẹ kì í yó ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àti pé wọ́n sọ fún òun pé òun kò ní rí ìwé ẹ̀rí òun gbà àfi bí òun bá mú ẹlòmíràn wá.

"Mo ro gbogbo ẹni tí mo mọ̀," ni Eunice wí, "mo rí i pé ìwọ ló máa gbà mí gbọ́. Ìdí tí mo fi pè ọ́ nìyẹn."

Suliat bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó tì í sí abẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ambrose, bàbá Eunice, àti Màmá Awóyẹmí ni wọ́n jọ mú ẹjọ́ náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó gba sùúrù, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá tú ilé náà ká, wọ́n mú ọkùnrin onítáì, wọ́n sì dá àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ padà fún òbí wọn. Ìwé ẹ̀rí Eunice padà wá. Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò padà, ìyá rẹ̀ ní òun kò tilẹ̀ bèèrè rẹ̀.

Láti ìgbà náà, Suliat ń lọ sọ́dọ̀ Màmá Awóyẹmí ní gbogbo Sátidé. Màmá kọ́ ọ láti má ṣe máa tọrọ "iṣẹ́ èyíkéyìí," kó máa sọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀pọ̀ ibi tó kọ̀wé sí kò dáhùn. Kò jókòó dè wọ́n: ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì nílé ẹ̀kọ́ kan ní Ìjàrà-Ìsin. Owó ibẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó lè sọ nígbà tí wọ́n bá bi í pé kí ló ti ṣe rí.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe gàrí àti ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ló wá pè é. Kó tó dé ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kó ṣe: yíyẹ gàrí wò kó tó dé ọjà, bóyá májèlé ara ẹ̀gẹ́ ti kúrò níbẹ̀ tán. Ọ̀gá ibẹ̀ bi í bó ṣe máa ń dá gàrí tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kò tíì kan tó mọ̀. Suliat dáhùn bí onímọ̀ kẹ́mísìrì, ó sì tún dáhùn bí ọmọ Fulera. Wọ́n gbà á.

Àbúdùlàhí bá a lọ ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọṣẹ́. Àwọn ará ibẹ̀ kò bèèrè ohun tó wá ṣe. Wọ́n gbé àga fún un, wọ́n fún un lómi, wọ́n mú un yí ká ilé iṣẹ́, wọ́n sì gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀, pé bí nǹkan bá ṣe ọmọ yìí, òun làwọn máa pè. Bàbá tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì Bùkárì nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀.

Ó di iṣu sápò, òun àti Fulera àti Suliat sì lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá Awóyẹmí. Wọ́n bá Eunice níbẹ̀. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ Ìjàrà-Ìsin báyìí ní ipò tí Suliat fi sílẹ̀.

Màmá ní, "Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi bèèrè ọ̀rọ̀ lásán ni."

"Ẹ bèèrè ohun tí ó yẹ kí èmi ti bèèrè, Mà," ni Suliat wí, ó sì kúnlẹ̀. Eunice kúnlẹ̀ tì í.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé, àìríṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú rẹ̀ lé yín wọ ibi tí ẹ kò mọ̀. Bí wọ́n bá pè yín síṣẹ́, ẹ bèèrè orúkọ ilé iṣẹ́ náà, ohun tó ń ṣe, àti ibi tó wà, kí ẹ fúnra yín sì wádìí rẹ̀. Ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ni kí ẹ fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ wo ojúlówó, ẹ dúró kí wọ́n wò ó tán, kí ẹ sì gbà á padà. Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni kí ó tó gbà yín síṣẹ́. Bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ tí ẹ fẹ́ràn jù lọ ló pè yín, ẹ ṣì bèèrè.

Ẹ̀yin òbí, ẹ máa bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ nígbà tí iṣẹ́ kò tíì sí, kí wọ́n lè bá yín sọ̀rọ̀ nígbà tó bá dé. Ibi tí wọ́n bá ní kí ọmọ fi pamọ́ fún yín, ẹ má jẹ́ kó dá lọ.

Ìwọ tí o sì ti wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, tí o ń ka ìwé yìí níkọ̀kọ̀, pe ilé. Sọ òtítọ́. Bí o kò bá tilẹ̀ rí bàtà rẹ, máa bọ̀.