Fáànù Inú Kọ̀ǹpútà Ọkọ Rẹ̀

Ọ̀sán gangan ni obìnrin kan gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká ọkọ rẹ̀ mọ́ àyà wọ ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe òru, oorun ò kun ẹnikẹ́ni. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ náà nìyí, mi ò bu iyọ̀ sí i.

Àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ń pè ní Akọ̀wé, ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe.

"Ìyàwó wa, ṣé oko lo fi èyí ro ni?"

"Akọ̀wé, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Bó bá ti gbóná, á kàn kú lójijì. Àwòrán ọkọ mi ò sì sí níbòmíràn."

Ọdún méjì rèé tí ọkọ náà ti lọ sí ìrìn àjò, tí kò bọ̀. Kò sí lẹ́tà, kò sí ìpè. Ọmọ tó fi sílẹ̀ nínú oyún ti ń sáré kiri. Kò mọ ojú bàbá rẹ̀.

Akọ̀wé yọ wáyà. Ó yọ bátìrì. Ó tẹ bọ́tìnnì pẹ́ títí, kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. Ó fọwọ́ kan irin tábìlì, kí iná ara òun náà má baà fò sínú ẹ̀rọ. Ó wá tú ìdí rẹ̀. Eruku ti dì bí òwú.

"Fi ìka tẹ fáànù yìí, má jẹ́ kó yí. Bí atẹ́gùn bá ń yí i nílòkulò, ó lè ba ẹ̀rọ jẹ́."

Ó fi bílówà fẹ́ ẹ, ó dúró, ó tún fẹ́ ẹ. Eruku tú jáde. Ó pa bílówà. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́.

Obìnrin náà ò yọ ìka.

"Ó ti tó," ni Akọ̀wé wí.

"Ó ń tì mí."

"Kí ló ń tì ọ́?"

"Fáànù."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Pẹ̀lú iná wo? Bátìrì rẹ̀ rèé lórí tábìlì." Ó fi ìka tirẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Fáànù rọra tì í. Ó dúró. Ó tún tì í. Aṣọ ẹnu ọ̀nà ò mì rárá.

"Ẹ kà á," ni obìnrin náà wí. "Ọ̀kan gígùn. Kúkúrú méjì. Á wá dákẹ́ bí ẹni tí kò ní mí mọ́."

Wọ́n kà á. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi sùn tì í, Akọ̀wé. Báyìí ló ṣe ń mí."

Akọ̀wé na ọwọ́ sí bátìrì. "Jẹ́ kí n tò ó pọ̀. Ká tan án, ká rí àwòrán ẹ̀gbọ́n mi."

"Bí ẹ bá tan án, kí ni yóò máa yí fáànù?"

"Iná ni."

"Èyí tó ń yí i báyìí ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀."

Obìnrin náà gbé ẹ̀rọ náà bó ṣe wà, ìdí ẹ̀ ní ṣíṣí. Ìka rẹ̀ ò kúrò lára fáànù.

"Ìyàwó wa! Ọmọ yẹn ò mọ ojú bàbá ẹ̀ o!"

Ó bọ́ sínú oòrùn, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹni tó sùn.