Obìnrin Tó Kúnlẹ̀ fún Tẹlifóònù

Ọjọ́ tí Ìníolúwa sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní Kútọ̀, tó gbé aṣọ funfun lé èjìká, bọ́ọ̀sì Èkó mẹ́ta gbàgbé láti gbéra. Mùs'áb alágbàfọ̀ fi áyọ́ọ̀nù jó ṣòkòtò oníṣòkòtò, kò tiẹ̀ mọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fọ èyí. Ara rẹ̀ ni bàbá mi ti ń wo sinimá."

"Bí mo bá fọ̀ ọ́ tán, oòrùn gan-an á wá awò dúdú wọ̀."

"Ẹnu yín ò ga jù báyìí?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló parí Mùs'áb.

Nígbà tó gbé aṣọ lọ sílé wọn, Bàbá Timothy, bàbá Ìníolúwa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní kó jókòó wòran. Sinimá àtijọ́ ni, tí wọ́n fi kọ́ ará ìlú bí wọ́n ṣe ń lo tẹlifóònù nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Harriet, ìyá Bàbá, ló ń júwe rẹ̀. Ó rọra gbé e sétí bí ẹni gbé ẹyin. Àgbàlagbà ló dáhùn níbẹ̀, ló bá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ fún tẹlifóònù! Ẹ̀rín Mùs'áb fẹ́ẹ̀ ká páànù ilé.

Kò síbòmíì láyé tí Bàbá ti lè rí ìyá rẹ̀ kó máa rìn.

Oṣù mẹ́fà ni ìfẹ́ Mùs'áb àti Ìníolúwa fi jó bí iná ọyẹ́.

"Mùsùlùmí ni wá o, sà," Mùs'áb sọ lọ́jọ́ tó wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá.

"Mi ò bi ọ́ lẹ́sìn. Lọ́jọ́ mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́, mo fẹ́ kí màmá mi wà níbẹ̀, lára ògiri. Kó àwọn èèyàn rẹ wá."

Ṣùgbọ́n fíìmù náà ti bu, ìdọ̀tí ti bò ó.

"Gbé e wá, olólùfẹ́. Ìdọ̀tí tó bá gbọ́ orúkọ mi, eré ló ń sá," Mùs'áb sọ fún Ìníolúwa.

Ó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ, bíi kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì. Àwòrán ṣí kúrò bí awọ ojú ẹ̀kọ. Harriet bá omi dúdú lọ sí gọ́tà.

"Sọ pé eku jẹ ẹ́," Ìníolúwa bẹ̀bẹ̀ tomijé-tomijé. "Ṣebí o mọ irọ́ pa."

"Mo mọ̀ ọ́n pa. Ìyá rẹ̀ ni, Ìní."

Ó jẹ́wọ́. Bàbá na fíìmù náà sójú oòrùn. Ó mọ́ gaara, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ìgbà kejì tí mo sin màmá mi nìyí. Jáde."

Ìníolúwa kọ̀, kò bá Mùs'áb sá lọ. Ó sì kọ̀, kò fẹ́ ẹlòmíì. Ọdún kan gbáko, àràárọ̀ ni Mùs'áb ń lọ kí Bàbá. Ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ gbẹ́ kòtò sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Nígbà tó rí i pé ọmọ òun ò rẹ́rìn-ín mọ́, ó fà á lọ́wọ́ jáde.

"Mo fi í fún ọ. Mi ò tíì dárí jì ọ́."

"Ẹ ṣé, sà."

Ìníolúwa di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó ń sunkún, kò sì jù ú sílẹ̀.