Ìwé-Ẹ̀rí Tí Mo Fagi Lé

Bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ fún mi, màá ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìṣojú mi ló ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ṣe ojú-ìwé kan sórí ayélujára fún ìyá wa aránṣọ, kí àwọn méjèèjì lè máa kọ̀wé síra wọn nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà lájò. Ó gba ìwé-ẹ̀rí fún ojú-ìwé náà. Ìwé-ẹ̀rí yìí ni ẹ̀rọ aṣàwákiri, tí a fi ń ṣí ojú-ìwé, máa ń yẹ̀ wò kó tó fi àwòrán àgádágodo hàn wá, pé onílé gan-an ló ń bá wa sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kú. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Nígbà tí a sin ín tán, mo pa kọ́kọ́rọ́ tí ojú-ìwé náà fi ń ṣiṣẹ́ rẹ́, mo ní kí àwọn tó fún un ní ìwé-ẹ̀rí fagi lé e, kí gbájúẹ̀ má baà fi orúkọ rẹ̀ jẹun. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ihò tí olè lè gbà wọ inú aṣàwákiri ni mò ń wá kiri. Màámi ò rán aṣọ mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá a níwájú kọ̀ǹpútà. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ní ṣé mo ti jẹun."

Mo wo ojú kọ̀ǹpútà. Àgádágodo wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀: "Ìyá Abẹ́rẹ́, ẹ ti jẹun?" Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló máa ń pè é bẹ́ẹ̀.

"Màámi, ẹ má fèsì. Gbájúẹ̀ ni."

"Ìfura loògùn àgbà. Ìwọ ti sọ tìẹ di oúnjẹ. Àgádágodo yìí ńkọ́?"

Mo ṣàlàyé. Ó yẹ kí aṣàwákiri bi àwọn tó fúnni ní ìwé-ẹ̀rí bóyá wọ́n ti fagi lé e. Bí wọn ò bá dáhùn, á kàn ṣílẹ̀kùn.

"Ẹni tó dákẹ́, ṣé bẹ́ẹ̀ ni ló sọ?"

"Ihò tó wà níbẹ̀ nìyẹn, Màámi."

"Dí i nígbà náà." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

Mo dí i. Mo ní kí aṣàwákiri má ṣílẹ̀kùn láìgbọ́ èsì. Ojú-ìwé náà funfun báláú. Fáànù nìkan là ń gbọ́. Mo ń gbàdúrà kí aṣàwákiri kọ̀. Mo tún ń gbàdúrà kó má kọ̀.

Èsì dé. Ìwé-ẹ̀rí náà pé, kò sẹ́ni tó fagi lé e. Òǹtẹ̀ tòótọ́ ti àwọn tó fúnni ní ìwé-ẹ̀rí ló wà lára èsì náà, ti ọjọ́ yẹn gan-an. Àgádágodo padà wá. Ọ̀rọ̀ tuntun wà lábẹ́ rẹ̀: "Àbúrò mi ńkọ́? Ṣé òun náà ti jẹun?"

Omi bọ́ lójú mi. Màámi di ọwọ́ mi mú.

"Ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí. Ṣé òun ni?"

Mo la ẹnu. Ohùn ò jáde.

Màámi wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó rọra mi orí, bí ẹni tó ti gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan tẹ èsì.