Téèpù Ẹ̀yìn Láísẹ́ǹsì Adéagbo

Adéagbo fi àtàǹpàkò ra òǹtẹ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ láísẹ́ǹsì iṣẹ́ iná rẹ̀, nínú fírémù tí kò ní gíláàsì, ó tún ra á lẹ́ẹ̀kan sí i. Òǹtẹ̀ ìjọba máa ń yọrí sókè lára ìwé. Èyí tẹ́jú pẹrẹsẹ. Fótókọ́pì aláwọ̀ ni.

"Wọ́n ti jí ojúlówó lọ," ló wí.

Sájẹ́ǹtì Ìkẹ́olúwa dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù oníná náà ní Tudun Wada, ìlú Minna. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni. Tó bá di aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọ̀la, Adéagbo gbọ́dọ̀ gbé ojúlówó láísẹ́ǹsì náà dé Maikunkele, níbi tí Hájíyà Sabirah ti ń kọ́ ilé ìwòsàn. Ẹni tí kò bá rí ojúlówó mú wá, iṣẹ́ wáyà ilé ìwòsàn náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ogún ọdún ni Adéagbo ti ń retí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ gbé e kọ́ sára ògiri?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Mo ṣe fótókọ́pì mẹ́ta, mo kó wọn sínú dúrọ́ọ̀, mo wá gbé ojúlówó fún onífírémù. Bébà ló fi lẹ ẹ̀yìn ẹ̀ pa."

Sájẹ́ǹtì ṣí dúrọ́ọ̀. Fótókọ́pì méjì ló kù. Ó yí fírémù padà. Bébà ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, téèpù dúdú tí àwọn oníná fi ń di wáyà ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ padà. Iṣẹ́ ọ̀hún mọ́ tónítóní. Wọ́n tún ṣẹ́ etí téèpù náà padà sábẹ́ ara rẹ̀, bí ìwọ̀n èékánná, kí ọwọ́ lè rí ibi dì mú lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣí i.

Ó fi han Adéagbo. Ọkùnrin náà wò ó, ó sì yára gbójú kúrò.

"Bóyá èmi náà ni mo lẹ̀ ẹ́."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé bébà ni onífírémù fi lẹ̀ ẹ́ ni."

Adéagbo yíjú sí dúrọ́ọ̀, ó tì í. Ìkẹ́olúwa fi ìyẹn sínú.

"Ta ló wọ ibí nígbà tí ẹ ò sí nílé?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni mo jáde, mo lọ wọn ilé ìwòsàn Hájíyà. Ìyàwó mi ló ṣí ṣọ́ọ̀bù. Luqman, oníná bíi tèmi, wá yá àkàbà tó wà níta. Àkànjí, ọ̀rẹ́ mi, sì wá dúró dè mí."

Abímbọ́lá, ìyàwó rẹ̀, wà lẹ́yìn káńtà, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò dúró kí wọ́n bi í léèrè.

"Bí èmi bá fẹ́ jí i, ṣé n óò máa fi fótókọ́pì rọ́pò ẹ̀? Màá fi dáná ni! Hájíyà yẹn ń pè é láàárọ̀, ó ń pè é lọ́sàn-án. 'Ẹ̀ńjíníà, wáyà wa ńkọ́?' Wáyà wo ni wọ́n ń béèrè lójoojúmọ́? Kí iṣẹ́ ọ̀hún bọ́, kí n rójú sùn."

"Ẹ ń jowú, mà."

"Mò ń jowú. Ọkọ mi ni."

Ìkẹ́olúwa bá Luqman ní àdúgbò Soje, lórí òrùlé ilé kan, tó ń so wáyà. Òun náà ní láísẹ́ǹsì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́.

"Sannu, Sájẹ́ǹtì. Mo ti ń retí yín. Iye tí mo kọ fún Hájíyà fi díẹ̀ ju ti Adéagbo lọ. Bí kò bá rí láísẹ́ǹsì mú wá, èmi ló kàn. Wallahi, bí mo bá jẹ́ ọlọ́pàá, èmi náà ni mo máa kọ́kọ́ mú."

"Ẹ ò jowú ẹ̀?"

"Haba! Ta ni ò ní jowú? Láti ìgbà tí láísẹ́ǹsì ẹ̀ ti dé, gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ẹ̀ńjíníà. Àmọ́ owú kì í ṣe olè, Sájẹ́ǹtì. Bó bá jẹ́ olè ni, gbogbo Minna ló máa wà ní túbú."

Nígbà tí Ìkẹ́olúwa fi padà sí Tudun Wada, Àkànjí ti dé. Ó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù fún Adéagbo, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

"A jọ kọ́ṣẹ́ ni, Sájẹ́ǹtì," ló wí. "Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ṣoṣo. Ọjọ́ kan náà la gba fírídọ̀ọ̀mù. Ẹni tó ṣe èyí ò níláárí."

"Ẹ̀yin náà ti gba láísẹ́ǹsì?"

"Ó ń bọ̀."

Obìnrin kan yọjú láti ojú pópó. "Àkànjí, jọ̀ọ́, bá mi pe Ẹ̀ńjíníà."

Àkànjí rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì pè é. Ṣùgbọ́n Ìkẹ́olúwa rí i bí párì rẹ̀ ti le gbagidi. Ó mọ irú ẹ̀rín yẹn. Òun náà ti ń rín in láti oṣù kan tí Victoria, tí wọ́n jọ wọṣẹ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ kan, ti di Inspẹ́kítọ̀ tí òun ṣì wà ní Sájẹ́ǹtì. Kò tíì kí i kú oríire títí di òní.

Ní aago mẹ́rin, ó pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti Adéagbo sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó gé wáyà ògbólógbòó kan sí mẹ́ta, ó fún wọn ní téèpù dúdú.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí kálukú bá mi di ojú ibi tó bó."

Abímbọ́lá wé tirẹ̀ wúruwùru bí ẹni ń di egbò. Luqman yí tirẹ̀, ó já a, ó fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó parí. Àkànjí yí tirẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó tẹ́ dáadáa. Ó dé ìparí, ó sì ṣẹ́ etí téèpù padà bí ìwọ̀n èékánná.

Ìkẹ́olúwa gbé fírémù sórí tábìlì, ó dojú rẹ̀ délẹ̀.

Àkànjí wo ẹ̀yìn fírémù, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Adéagbo ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ọ̀gá wa ló kọ́ wa. Ó ní kí á rántí ọwọ́ tó máa tú u lọ́la. Àwa méjì péré la ń ṣe é ní Minna yìí. Mo ti mọ̀ láti àárọ̀. Ẹnu mi ò lè sọ ọ́ ni."

"Ẹ̀yin lẹ jí i, Ọ̀gbẹ́ni Àkànjí," Ìkẹ́olúwa wí. "Nígbà tí Abímbọ́lá ń dá Luqman lóhùn lórí ọ̀rọ̀ àkàbà níta, ẹ mú fótókọ́pì nínú dúrọ́ọ̀, ẹ ya ẹ̀yìn fírémù, ẹ pààrọ̀ ìwé. Ẹ ò lè fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ ní yíya, torí oníṣẹ́ ni yín. Àṣà ọwọ́ ló mú yín."

"Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fa wáyà nínú páìpù!" Àkànjí dojú kọ Adéagbo. "O ò mọ̀ ọ́n! Ẹ̀ẹ̀mẹta lo mú kí wáyà ọ̀gá jóná, èmi ni mo jẹ ẹgba rẹ̀. Lónìí ìwọ ni Ẹ̀ńjíníà, èmi ni wọ́n ń rán pé kí n lọ pe Ẹ̀ńjíníà. Mo ní kí iṣẹ́ yẹn bọ́ lọ́wọ́ ẹ, ká tún jọ dọ́gba."

"Mo ní ká jọ lọ ṣe ìdánwò. O ní láísẹ́ǹsì kì í tan gílóòbù."

"Ẹ̀rù ló bà mí. Bí mo bá fìdí rẹmi ńkọ́, tí ìwọ sì yege?"

Àkànjí mú wọn dé yàrá rẹ̀. Wọn ò wá a rárá. Láísẹ́ǹsì náà wà lára ògiri, lókè bẹ́ẹ̀dì, nínú fírémù tuntun tí kò ní gíláàsì. Téèpù dúdú ló bo ibi tí orúkọ wà. Ó ti ṣẹ́ etí rẹ̀ padà.

Adéagbo di etí náà mú, ó fà á lẹ́ẹ̀kan. Orúkọ rẹ̀ yọ láìní àbàwọ́n. Ó fọwọ́ kan òǹtẹ̀, ó yọrí. Ó wá jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sunkún.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ó padà wá sí àgọ́ ọlọ́pàá. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn ti di tirẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

"Yàrá méjìlélógún, Sájẹ́ǹtì. Ta ni yóò bá mi fa wáyà ẹ̀? Mo wá gba béèlì Àkànjí."

"Ẹ dárí jì í?"

"Rárá o. Inú ṣì ń bí mi. Àmọ́ mi ò mọ ẹlòmíì tí ọwọ́ wa bára mu."

Ìwé béèlì ń fẹ́ ìfọwọ́sí Inspẹ́kítọ̀. Ìkẹ́olúwa mú un, ó dúró díẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn Victoria, ó sì kànkùn. Victoria gbójú sókè lórí tábìlì.

"Ẹ kú oríire, mà," Ìkẹ́olúwa wí. "Mo jowú yín, ìdí nìyẹn tí mi ò fi tètè wá."