Káfíńtà Tó Fi Àfẹ́sọ́nà Rẹ̀ Sílẹ̀ Lórí Òrùlé

Ìgbà àkọ́kọ́ tí aránṣọ rí káfíńtà, ńṣe ló nà gbalaja sórí tábìlì, wọ́n fi báńdéèjì wé e látorí dé ẹsẹ̀, ó ń hanrun. Wọ́n ní kó ṣe bí ẹni tí ilé wó lù, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ lè fi í kọ́ṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí ilé wó lù kì í hanrun."

Ó la ojú kan. "Ìrora náà ló pọ̀ tó gbé mi sùn."

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi jọ ń di oògùn àti aṣọ sínú àpótí. Nígbà tí káfíńtà dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́, kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tó fi gbà. Ìyá aránṣọ ló kù kó fọwọ́ sí i, ìyá yìí ló sì dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, nígbà tí omi ya wọ àdúgbò, nọ́ọ̀sì ni ìyá. Ó ń fi ọkọ̀ ojú omi wá ọkọ rẹ̀ kiri, ó sì kọjá ọmọ mẹ́ta lórí igi láì gbé wọn. Ẹlòmíì ló padà gbà wọ́n là. Ọkọ tó ń wá ti gun òkè ní tirẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ìtìjú yẹn ló mú kí ìyá kó èèyàn méje jọ sí pálọ̀ rẹ̀. Òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ ni pé tọkọtaya ò gbọdọ̀ jọ wà nínú ẹgbẹ́.

"Ta ni yóò fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ nínú ẹ̀yin méjèèjì?" ìyá bi wọ́n.

Àwọn méjèèjì yáa tún bẹ̀rẹ̀ sí í di oògùn sínú àpótí. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Nígbà tó di oṣù tó tẹ̀ lé e, omi tún yà. Orí òrùlé kan ni aránṣọ wà pẹ̀lú arúgbó mẹ́fà nígbà tí káfíńtà fi ọkọ̀ ojú omi dé. Ó kó àwọn arúgbó, ọkọ̀ kún.

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ tìrẹ ṣì le. Mò ń bọ̀."

Ó kọjá, ó tún kọjá, òrùlé àwọn ọlọ́mọ ló ń lọ, ó kàn ń juwọ́ sí i. Ìrọ̀lẹ́ ló tó wá gbé e.

"O ń juwọ́ sí mi bí ẹni ń kí aládùúgbò."

"Olólùfẹ́ mi, ọwọ́ kan ló di ẹ́ńjìnnì mú. Èyí tó ṣẹ́ kù, ìwọ ni mo jù ú sí."

Ìyá ń dúró létí omi. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lo kọjá ọmọ mi."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni, mà. Ẹ má bínú."

Ìyá yọ ìwé òfin ẹgbẹ́ nínú àpò rẹ̀. "Ohun tí mi ò lè ṣe lọ́jọ́sí lo ṣe yìí." Ó mú gègé, ó fagi lé òfin àkọ́kọ́.

"Màámi, ẹ ò tíì bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ ẹ."

"Ṣé o ṣì fẹ́ ẹ?"

Bàtà káfíńtà ti bá omi lọ, ẹrẹ̀ ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Aránṣọ tú ìborùn rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń nu ẹrẹ̀ kúrò níbẹ̀.

"Mo fẹ́ ẹ, mà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bínú di ọ̀la ná."