Ogójì Ìṣẹ́jú sí Aniak

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó máa jiyàn. Èmi mọ àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ṣojú wọn, wọn kì í ṣe òpùrọ́.

Olinka Wassillie ló máa ń fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré kó èrò láti pápákọ̀ Bethel lọ sí ti Aniak, ní Alaska. Kò sí ọ̀nà mọ́tò láàárín ìlú méjèèjì. Ọgọ́rùn-ún máìlì kò pé. Ogójì ìṣẹ́jú, ọkọ̀ ti balẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Matrona, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, wà lórí àìsàn ní Aniak. Ó pè é lórí fóònù.

"Olinka, wá lónìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti rẹ̀ mí. Ogójì ìṣẹ́jú péré ni. Ẹ máa rí mi lọ́la."

"Ọ̀la jìnnà o."

"Ẹ tún ti dé! Ẹ ṣáà bá mi fi ẹja gbígbẹ pamọ́, kí ọkọ yín má jẹ ẹ́ tán."

Matrona rẹ́rìn-ín. Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Olinka nìkan gbéra lọ́sàn-án gangan. Ojú ọ̀run mọ́. Odò Kuskokwim ń dán nísàlẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó dé agbedeméjì nígbà tí ìkùukùu funfun kan bọ́ síwájú rẹ̀. Kò tóbi ju agbo ilé kan lọ. Ó wọ inú rẹ̀.

Gbogbo ariwo dákẹ́.

Ẹ́ńjìnnì kò kú o. Ọkọ̀ ṣì ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Ó pariwo, kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Òórùn ẹja tí wọ́n ń yan lórí èéfín gba inú ọkọ̀. Kó tó mí lẹ́ẹ̀mejì, ìkùukùu ti tán, ariwo ti padà, pápákọ̀ Aniak ti wà níwájú.

Ó balẹ̀. Tíì inú ife rẹ̀ ṣì gbóná.

Evon, ọkọ Matrona, ń sáré bọ̀. Erùpẹ̀ wà lára bàtà rẹ̀. Ó wò ó bí ẹni tó rí òkú.

"Níbo lo wà?"

"Bethel ni mo ti ń bọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni."

"Olinka, ọjọ́ kẹta rèé tí wọ́n ti ń wá ẹ. A sin ẹ̀gbọ́n ẹ láàárọ̀ yìí."

Olinka jókòó sílẹ̀.

"Ká ní mo wá lọ́jọ́ tó pè mí," ló ń wí. "Ká ní mo wá."

"Má sunkún báyẹn. Ó gbọ́ ohùn ẹ kó tó kú." Evon rẹ ohùn sílẹ̀. "Lórí rédíò ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, èyí tó fi máa ń gbọ́ ẹ látinú ọkọ̀. Ò ń sọ pé o ti rí odò, o ti fẹ́ balẹ̀. O sọ bí ẹ ṣe já sínú omi yìnyín ní kékeré. O kọrin ìyá yín fún un. Kò jẹ́ ká pa rédíò yẹn."

Olinka kò fọwọ́ kan rédíò inú ọkọ̀ rẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ omi yìnyín yẹn sì rèé, òun àti Matrona nìkan ló mọ̀ ọ́n láyé.

"Kí lo sọ fún un gbẹ̀yìn?" ni Evon bi í. "Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ó tó, mo ti forí jì ẹ́.' Ló bá dákẹ́."

Olinka yíjú wo rédíò inú ọkọ̀ rẹ̀.

Ohun yòówù tó gba ìdáríjì yẹn lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun kọ́. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò tíì lè sọ ọ́ fún Evon.